Charles Lane: Ojú Tí Ayé Mọ̀, Orúkọ Tí Wọn Kò Mọ̀

Àwọn àgbà ní igi kan kì í dágbó ṣe. Bí a bá ń wo fíìmù, ọ̀gá eré ni ojú wa sábà máa ń wà lára rẹ̀, ẹni tí àwòrán rẹ̀ tóbi jùlọ lójú pátákó ìpolówó, tí orúkọ rẹ̀ sì ṣáájú ti gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá nìkan kò lè dá eré ṣe kí ó dùn. Akọ̀wé òtẹ́ẹ̀lì tó ń fi ojú ìfura wo àlejò, adájọ́ tí ẹjọ́ ti sú, agbowó-orí tó ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn: àwọn wọ̀nyí ni òpó tí ilé ìtàn dúró lé. Wọn a wọlé, wọn a sọ gbólóhùn mélòó kan, wọn a sì jáde.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹun fún ohun tó lé ní 60 ọdún. Charles Lane ni orúkọ rẹ̀. Fíìmù tó ti kópa lé ní 250, kí a má tilẹ̀ tíì sọ ti eré tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ ojú rẹ̀ bí ẹni mọ aládùúgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n ní orúkọ rẹ̀, ẹnu wọn a wọhò. Ìtàn ọkùnrin yìí yẹ ní gbígbọ́, nítorí pé ó fi yé wa bí ìpín kékeré ṣe lè di iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ ẹni tó bá mú un ní òkúnkúndùn.

Láti ìdí ìnṣọ́ránsì bọ́ sórí ìtàgé

Ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 1905 ni wọ́n bí i ní ìlú San Francisco, ní ìpínlẹ̀ California. Levison ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Lẹ́yìn tó wọ iṣẹ́ fíìmù ló di Lane. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan àbọ̀ nígbà tí ilẹ̀ ìlú náà mì tìtì ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 1906. Ilé tí ilẹ̀ kò mì wó, iná tó tẹ̀lé e jó o. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ṣòfò, apá tó pọ̀ jùlọ nínú ìlú sì di eérú. Ọmọ ọwọ́ náà yè é. Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ fi máa pé, ó ti wà lára ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ tó kù láyé nínú àwọn tó la àjálù náà já.

Nígbà tó dàgbà, iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló kọ́kọ́ ń ṣe. Ní ọdún 1929, Irving Pichel, tí òun náà jẹ́ òṣèré àti olùdarí eré, gbà á nímọ̀ràn pé kí ó dán eré ṣíṣe wò. Lane gba ọ̀rọ̀ náà, ó sì lọ sí Pasadena Playhouse, ilé eré orí ìtàgé tí ọ̀pọ̀ àwọn gbajúmọ̀ Hollywood ti kọ́ṣẹ́. Àsìkò náà bọ́ sí i. Láti ọdún 1927 ni fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ ti gbòde, àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù sì ń wá òṣèré orí ìtàgé tí ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu wọn. Ọdún 1931 ni Lane bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú fíìmù. Ọdún yìí kan náà ló gbé Ruth Covell níyàwó.

Ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín ló ń pani lẹ́rìn-ín

Lane tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ mú bí abẹ, dígí ojú rẹ̀ a sì máa wà ní góńgó imú. Bí àwọn olùdarí eré bá ń wá ahun, aláròyé tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò mọ̀ ju òfin inú ìwé lọ, òun ni wọn a ránṣẹ́ pè. Ẹnì kan lè béèrè pé báwo ni irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣe di ti apanilẹ́rìn-ín. Àṣírí ẹ̀fẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí gbogbo ènìyàn inú eré bá ń rẹ́rìn-ín, òǹwòran kò ní rí ohun tí yóò rín. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kò pa lẹ́rìn-ín rárá, tó gbà pé òdodo pọ́ńbélé ni gbogbo rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá ṣe ń bàjẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín àwọn tó ń wò ó yóò máa pọ̀ sí i.

Ẹ wo fíìmù You Can't Take It with You tí Frank Capra darí ní ọdún 1938, tó sì gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún fíìmù tó dára jùlọ lọ́dún náà. Lane ni agbowó-orí tó wá bá bàbá àgbà kan, tí Lionel Barrymore ṣe. Bàbá náà kò san owó-orí láti ọdún pípẹ́, kò sì ní i lọ́kàn láti san án. Ó fi sùúrù béèrè lọ́wọ́ agbowó-orí pé kí ni òun yóò rí gbà bí òun bá san owó náà. Agbowó-orí ń ṣàlàyé, bàbá ń béèrè òmíràn. Ohùn ọ̀kan ń lọ sókè, ti èkejì rọ̀ bí òwú. Lane kò dápàárá kankan. Ìbínú rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín ibẹ̀.

Ó tún fi òdìkejì ọgbọ́n yìí hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 1953, nínú eré I Love Lucy, Lucy lọ sí ilé-ìwòsàn láti bímọ. Bí mílíọ̀nù 44 ènìyàn ló wo eré náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ọkọ Lucy ń gbọ̀n jìnnìjìnnì nínú yàrá tí àwọn ọkọ ti ń dúró, Lane wà níbẹ̀ tó fara balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, nítorí ó ti bí ọmọbìnrin mẹ́fà nílé. Ìgbà tí wọ́n sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ bí ìbẹ́ta, tí gbogbo wọn sì tún jẹ́ obìnrin, ni ìfarabalẹ̀ náà tó fò lọ. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni ipa yìí, síbẹ̀ ó wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń rántí nínú eré náà.

Iṣẹ́ tí kò kéré lójú ẹni tó ń ṣe é

Ní ọdún 1933 nìkan, Lane hàn nínú fíìmù tó lé ní 20. Iṣẹ́ náà pọ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun a máa lọ wo sinimá, òun a sì ṣàdédé rí ara òun nínú fíìmù tí òun ti gbàgbé pé òun ṣe. Ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ ṣeré. Capra kò yéé pè é láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ara wọn. Ó wà nínú Mr. Deeds Goes to Town ní 1936 àti Arsenic and Old Lace ní 1944.

Nínú It's a Wonderful Life ti ọdún 1946, Lane àti Barrymore tún pàdé. Lọ́tẹ̀ yìí, Barrymore ni ọlọ́rọ̀ ahun tó ń jẹ́ Potter, Lane sì ni ẹni tó ń bá a gba owó ilé. Lane ló wọlé wá tó la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ pé àwọn ayálégbé ti ń kó jáde lọ sínú ilé tí àwọn fúnra wọn ní, àti pé bí ọ̀gá kò bá ṣọ́ra, ọjọ́ ń bọ̀ tí òun tó ń sọ̀rọ̀ yìí yóò lọ tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ George Bailey. Kò sí ẹlòmíràn lábẹ́ Potter tó sọ òótọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Fíìmù náà kò pa owó tó bí wọ́n ti rò nígbà tó jáde. Ní 1974, wọn kò tún ẹ̀tọ́ oní-nǹkan rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, ni àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà bá ń gbé e sáfẹ́fẹ́ ní gbogbo oṣù Kejìlá. Báyìí ni àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tí wọ́n ṣe fíìmù náà ṣe mọ ojú Lane.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà

Ohun kan wà nínú ìgbésí ayé rẹ̀ tí kò hàn nínú fíìmù kankan. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sí iye wákàtí tí òṣèré kò gbọdọ̀ ṣe kọjá. Ilé-iṣẹ́ lè pè wọ́n láàárọ̀, kí ó má sì tú wọn sílẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1933, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tún gé owó ọ̀pọ̀ òṣèré sí ìdajì. Lọ́dún náà ni àwọn òṣèré dá ẹgbẹ́ Screen Actors Guild sílẹ̀, Lane sì wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ìpè ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ kò ní agbára tí àwọn gbajúmọ̀ ní. Bí ilé-iṣẹ́ bá bínú sí i, oúnjẹ ilé rẹ̀ wà nínú ewu. Oṣù Karùn-ún ọdún 1937 ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà tó gbà láti bá ẹgbẹ́ yìí ṣe àdéhùn. Àwọn onípa kékeré, irú Lane, ló jẹ àǹfààní rẹ̀ jùlọ.

Ojú tó di ẹrù

Ṣùgbọ́n ojú tó fún un níṣẹ́ náà ló tún há a mọ́. Lane kò fi pamọ́ pé ó ń dun òun bí wọ́n ti ń fún òun ní ipa kan ṣoṣo ní gbogbo ìgbà, bí ẹni pé òun kò lè ṣe òmíràn. Nínú eré Petticoat Junction tó bẹ̀rẹ̀ ní 1963, òun ni Homer Bedloe, ọ̀gá rélùwéè tó ń wá gbogbo ọ̀nà láti pa ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tì, èyí tí àwọn ará abúlé fẹ́ràn. Gbogbo ilé ló ń bínú sí Bedloe. Ẹni tó ṣe Bedloe ní tirẹ̀ fẹ́ ìyàwó kan, ó bí ọmọ méjì, ó sin orílẹ̀-èdè rẹ̀ lára ẹ̀ṣọ́ etí òkun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun àti Ruth sì jọ gbé fún 71 ọdún, títí Ruth fi kú ní 2002. Ìwà tó ń ta kì í ṣe ìwà tó ń hù nílé.

Mo ṣì wà fún iṣẹ́

Bí ọjọ́ orí ti ń gòkè, Lane kò gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ṣe adájọ́ nínú eré Soap; ó wà nínú fíìmù Murphy's Romance ní 1985; ó sì ti pé ẹni 90 ọdún nígbà tó kópa nínú fíìmù tẹlifíṣọ̀n The Computer Wore Tennis Shoes ní 1995. Nígbà tó pé ẹni 100 ọdún, ẹgbẹ́ tó bá wọn dá sílẹ̀ ya ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2005 sọ́tọ̀ fún un. Ní oṣù Kẹta ọdún kan náà, wọ́n bu ọlá fún un níbi ayẹyẹ TV Land, gbogbo èrò sì dìde dúró fún un. Ohun tó sọ fún wọn kò ju pé bí ẹnikẹ́ni bá ń wá òṣèré, òun ṣì wà fún iṣẹ́. Ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2007 ló jáde láyé, lẹ́ni 102 ọdún.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, gbogbo wa la ń gbàdúrà pé kí àwọn ọmọ wa ṣe orí, kí wọn má ṣe ìrù. Àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá mú ìpín kékeré, tó ṣe é débi pé iṣẹ́ kò pé láìsí òun, òun náà kò ṣe ìrù. Nígbà mìíràn tí ẹ bá ń wo fíìmù àtijọ́ kan nínú ilé, tí ẹ sì rí ọkùnrin olójú líle kan tó wọ dígí, tó ń dá ẹnì kan dúró nídìí tábìlì, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Charles Lane ni.