Ta Ló Mú Igi Hù?

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ní Ọsirélíà, àwọn ọlọ́sìn ń gbowó kí igbó lè padà hù lórí ilẹ̀ ìjẹko tí òjò kò pọ̀? Wọn kì í gbin igi kankan. Wọ́n kàn ń dín màlúù àti ewúrẹ́ kù ni, wọn kò sì gé igi mulga mọ́. Tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan èéfín kábọ́ọ̀nù tí igi bá fà mọ́ra di ìwé-ẹ̀rí kan. Iléeṣẹ́ a rà á kí ó lè máa tú èéfín tirẹ̀ jáde.

Lójú tiwa, ìbéèrè kan ló ṣe pàtàkì jù: ọlọ́sìn ló mú igi hù ni, àbí òjò? Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ tú iṣẹ́ 182 wò: ní nǹkan bí ìdá 80 nínú 100, igi kò pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀, tàbí ó tilẹ̀ dín kù. Láti ọdún 2023 ni ìjọba kò ti gba iṣẹ́ tuntun mọ́, ṣùgbọ́n èéfín tí wọ́n ti fi ìwé-ẹ̀rí wọ̀nyí gbà láyè ti gòkè lọ ná.