Ìdún Aago àti Àwòrán Ojú Tẹlifíṣọ̀n: Àpẹẹrẹ ZX Spectrum

Ohun kan ṣòro láti fi han akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lónìí: pé gbogbo àṣẹ ló ń jẹ àkókò. Ẹ̀rọ òde òní yára débi pé ètò tí a kọ wúruwùru ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí a fi gbé ZX Spectrum yẹ̀ wò, kọ̀ǹpútà inú ilé tí ilé-iṣẹ́ Sinclair gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1982. Èyí tó ní ìrántí kílóbáìtì 48 ni a ní lọ́kàn.

Z80A tó ń darí ẹ̀rọ náà ní aago tó ń dún ní ìgbà 3,500,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. A pe ìró kọ̀ọ̀kan ní ìdún. "Sáíkù" tí àwọn kan ń lò kò sọ ohunkóhun fún ọmọdé. Tẹlifíṣọ̀n ni a fi ń wo iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń gba àwòrán tuntun ní nǹkan bí ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìlà 312 ló wà nínú àwòrán kan, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìdún 224. Bí a bá fi 312 sọ 224 di púpọ̀, a ó rí 69,888. Iye tí ètò ní láti ná nìyẹn kí àwòrán mìíràn tó dé. Kò sí àyè ẹ̀yáwó.

Báìtì 6,912 ni àwòrán ojú Spectrum ń gbà nínú ìrántí. Àṣẹ LDIR, tó rọrùn jù láti fi ṣe àdàkọ, ń jẹ ìdún 21 lórí báìtì kan. Àdàkọ gbogbo rẹ̀ yóò jẹ ìdún tó lé ní 145,000, èyí tó ju àkókò àwòrán méjì lọ. Pátákó àti ṣọ́ọ̀kì tó fún ìṣirò yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fúnra rẹ̀ ṣe é yóò mọ ìdí tí àwòrán eré fi ń gbọ̀n.

Èyí tó le jù ni ti ULA, ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Òun àti Z80A jọ ń lo ìrántí kan náà, láti àdírẹ́ẹ̀sì 16384 dé 32767. Lórí ìlà 192 tó gbé àwòrán, ULA ń gba nǹkan bí ìdún 128 nínú 224 láti fi ka ìrántí náà. Bí Z80A bá dé ibẹ̀ lásìkò yìí, ULA lè dá a dúró, nígbà mìíràn fún ìdún 6. Nítorí náà, àṣẹ kan náà lè yára níbì kan, kó sì falẹ̀ níbòmíràn. Àwọn tó mọṣẹ́ a máa gbé apá tó gbọ́dọ̀ yára sí 32768 sókè, níbi tí ULA kì í dé. Wọ́n a sì lo HALT, kí Z80A lè dúró de àmì tí ULA ń fi ránṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ìdún. Àwọ̀ méjì péré ni ẹ̀rọ náà gbà láàyè nínú igun 8 sí 8, ṣùgbọ́n ìlà kọ̀ọ̀kan ni ULA ń tún àwọ̀ náà kà. Ẹni tó bá ka ìdún rẹ̀ pé lè pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìlà kan sí èkejì.