BÍ A ṢE LÈ KÓ WẸ́BÙSÁÌTÌ WA LỌ SÍ ILÉ TUNTUN KÍ LẸ́TÀ MÁ SỌNÙ



Ọ̀rọ̀ orí ewé yìí kan àwọn tó ní wẹ́bùsáìtì nínú wa. Wọn ò kéré mọ́: aláṣọ òkè wà níbẹ̀, aládìrẹ wà níbẹ̀, àwọn tó ń fi èlùbọ́ àti gàrí ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀n náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà púpọ̀ láti òkèèrè, íméèlì ló sábà máa ń kọ. Bí onílé tí wẹ́bùsáìtì yín ń gbé bá fowó lé owó ilé, tàbí tí ibẹ̀ kì í ṣí dáadáa, ó tọ́ kí ẹ kó. Kíkó ò burú. Ohun tó burú ni kí ẹ kó tán, kí wẹ́bùsáìtì máa dán yọ̀yọ̀, kí íméèlì má sì wọlé mọ́. Oníbàárà tó kọ lẹ́tà tí kò rí èsì kò ní wá bá yín jà. Ìsọ̀ ẹlòmíràn ló máa gbà lọ.

ORÚKỌ, ÌSỌ̀ ÀTI ÀPÓTÍ LẸ́TÀ

Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Èkíní ni orúkọ, irú èyí tó parí sí .com tàbí .com.ng. Èkejì ni wẹ́bùsáìtì, òun ni ìsọ̀ tí a pàtẹ sí. Ẹ̀kẹta ni íméèlì, òun ni àpótí lẹ́tà. Ẹ wò ó báyìí: ẹni tó ní ìsọ̀ ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, tó sì gba àpótí lẹ́tà ní póósítì ọ́fíìsì Dùgbẹ̀, bó bá kó ìsọ̀ rẹ̀ lọ sí Bódìjà, ṣé àpótí lẹ́tà á bá a lọ? Rárá o. Dùgbẹ̀ ló ṣì wà, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ náà ló sì ń ṣí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí ló wá ń fa wàhálà? Ìwé kan ni. Gbogbo orúkọ ló ní ìwé tó ń júwe ọ̀nà rẹ̀ fún ayé. DNS ni wọ́n ń pè é. Ará Amẹ́ríkà kan, Paul Mockapetris, ló gbé e kalẹ̀ ní 1983. Nínú ìwé yìí, ìlà A ló ń sọ ibi tí ìsọ̀ wà. Ìlà MX ló ń sọ ibi tí lẹ́tà ń lọ. Ìlà TXT ló ń jẹ́rìí pé lẹ́tà tó ti ọ̀dọ̀ yín jáde kì í ṣe ti gbájúẹ̀.

Bí ìsọ̀ nìkan ló ń kó, ìlà tó ń júwe ìsọ̀ nìkan ló yẹ ká yí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onílé tuntun á ní kí ẹ yí nameserver. Ìyẹn ni pé kí ẹ pa ìwé àtijọ́ tì, kí ẹ máa lo tiwọn. Bí wọn ò bá da MX àti TXT yín kọ sínú ìwé tuntun, lẹ́tà ò mọ̀nà mọ́. Ibẹ̀ ni jàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀.

ÌBÉÈRÈ KAN KÍ IṢẸ́ TÓ BẸ̀RẸ̀

Ẹ bi ọmọ tó ń bá yín ṣe é pé: "Níbo ni íméèlì wa ń gbé?" Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Google, Microsoft tàbí Zoho ni ẹ ti ń sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀, ara tù yín: MX kò gbọ́dọ̀ yí padà. Bó bá jẹ́ pé inú ilé kan náà ni íméèlì àti wẹ́bùsáìtì ń gbé, àpótí náà máa kó, iṣẹ́ á wá pọ̀ díẹ̀.

BÍ Ẹ ṢE MÁA TÒ Ó

1. Ẹ kọ gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì íméèlì tí ẹ ní sílẹ̀, má ku ẹyọ kan. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ìlà inú DNS kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

2. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ó dín TTL kù sí 300. TTL ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri fi ń rántí ọ̀nà àtijọ́. 300 jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá wà ní 86400, odindi ọjọ́ kan nìyẹn.

3. Bí àpótí bá máa kó, ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ sí ilé tuntun kí ẹ tó yí MX. Bí ẹni tó gbé lẹ́tà wá bá kanlẹ̀kùn tí kò sẹ́ni tó dáhùn, á tún padà wá. Ìlànà iṣẹ́ náà ní kó máa gbìyànjú fún ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a lóhùn pé "A ò mọ ẹni yìí níbí," ojú ẹsẹ̀ ló máa dá lẹ́tà padà.

4. Ẹ rí i pé SPF àti DKIM, tó wà nínú ìwé DNS náà, bá ibi tí ẹ ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ mu. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti mú ọ̀rọ̀ yìí le. Láìsí wọn, inú spam ni lẹ́tà yín lè bọ́ sí.

5. Ẹ má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ Iléyá tàbí Kérésì. Bí ẹ bá yí i tán, ẹ máa wo àpótí àtijọ́ àti tuntun fún ọjọ́ méjì, nítorí lẹ́tà lè bọ́ sí èyíkéyìí.

6. Lẹ́tà àtijọ́ ò ní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Kí ọmọ náà fi IMAP dà á kọ lọ sí àpótí tuntun. Ẹ má kúrò nílé àtijọ́ títí oṣù kan á fi pé. Owó ilé oṣù kan kò tó èrè oníbàárà kan tó sọnù.

PAŃPẸ́ MÉJÌ

Ti àkọ́kọ́: nígbà mìíràn, orúkọ ìsọ̀ gan-an ni ìlà MX tọ́ka sí. Bí ìsọ̀ bá kó, lẹ́tà á tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ kò sí àpótí níbẹ̀. Kí wọ́n fún àpótí ní orúkọ àti ìlà A tirẹ̀.

Ti èkejì fara sin. Bí oníbàárà bá kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù orí wẹ́bùsáìtì, ilé tuntun lè rò pé ọ̀dọ̀ òun ni íméèlì yín ń gbé, kó tọ́jú ọ̀rọ̀ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ẹ ò ní rí i láéláé. Bó bá jẹ́ pé cPanel ni ilé náà ń lò, tí íméèlì yín sì wà níbòmíràn, kí ọmọ náà wọ Email Routing, kó yan Remote Mail Exchanger.

Nítorí náà, ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó iṣẹ́. Ẹ fi Gmail kọ lẹ́tà sí ara yín, ẹ fèsì, ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù náà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dé, ó parí nìyẹn.

Ìkìlọ̀ tó kù: orúkọ ara yín ni kí ẹ fi gba orúkọ wẹ́bùsáìtì, kì í ṣe orúkọ ọmọ tó bá yín ṣe é. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ gé ewé yìí pa mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó, ẹ nà án sí ọmọ náà, kí ẹ jọ máa fàmì sí i níkọ̀ọ̀kan.

Ọjà á tà o.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ni.