Búràńdì, Ògógóró àti Májèlé Mẹ́tánọ́ọ̀lì: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Tó Ń Se Ọtí Nílé àti Àwọn Tó Ń Mu Ún

Búràńdì ni ọtí líle tí wọ́n máa ń rí nígbà tí wọ́n bá gbé wáìnì èso àjàrà ka iná, tí wọ́n gba ooru tó ń jáde lára rẹ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kí ooru náà tutù padà di omi. Ẹ́tánọ́ọ̀lì, ìyẹn èròjà tó mú kí ọtí máa pani, máa ń hó nígbà tí ìgbóná bá dé nǹkan bí 78 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ omi kì í hó títí yóò fi dé 100, nítorí náà ooru tó kọ́kọ́ ń jáde máa ń ní ọtí nínú ju ohun tó ṣẹ́ kù sínú ìkòkò lọ. Ní agbègbè Cognac ní ilẹ̀ Faransé, òfin ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn yóò sè é nínú ìkòkò bàbà, tí yóò sì wà nínú àgbá igi óákù fún ọdún 2, ó kéré tán, kí wọ́n tó tà á.

Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà se ògógóró láàárín àwọn Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti sódabì ní ilẹ̀ Benin àti Togo. Wọ́n á jẹ́ kí ẹmu kan dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á dà á sínú dírọ́ọ̀mù, wọ́n á dí ẹnu rẹ̀ pinpin kí ooru má baà sá, páìpù tó ti inú rẹ̀ jáde yóò sì gba inú omi tútù kọjá kí ọtí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó sínú ìgò. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Benin ni pé ọmọ Allada kan tó ń jẹ́ Sodabi, tó bá àwọn Faransé jagun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ló kọ́ iṣẹ́ ọtí sísè ní ilẹ̀ Faransé, tó sì mú un bọ̀ wá sílé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé mọ̀lẹ́bí búràńdì ni sódabì.

Mẹ́tánọ́ọ̀lì jọ ẹ́tánọ́ọ̀lì ní àwọ̀ àti ní òórùn, ṣùgbọ́n májèlé ni. Ìwọ̀nba rẹ̀ máa ń wà nínú ọtí àjàrà, nítorí pé pẹ́ktìnì, èròjà tó so ara èso pọ̀ tó sì pọ̀ nínú èèpo, máa ń tú u sílẹ̀ nígbà tí èso bá ń kan. Ìdí nìyí tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù fi gba gíráàmù 200 mẹ́tánọ́ọ̀lì péré láàyè nínú 100 lítà ọtí pọ́ńbélé tó bá jẹ́ ti wáìnì, ṣùgbọ́n tó gba 1,000 láàyè fún èyí tí wọ́n fi èèpo àti gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ àjàrà sè. Àwọn tó ń sè é nílé gbàgbọ́ pé bí àwọn bá ti da àkọ́jáde nù, mẹ́tánọ́ọ̀lì ti lọ, torí pé ìgbóná 65 ni ó ti ń hó. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Dída àkọ́jáde nù dára, nítorí ó ń kó àwọn èròjà olóòórùn kíkan lọ, ṣùgbọ́n mẹ́tánọ́ọ̀lì máa ń bá omi àti ọtí rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Síbẹ̀, kì í ṣe èyí tó ti ara èso wá ló sábà máa ń pa ènìyàn lọ́pọ̀ yanturu, bí kò ṣe mẹ́tánọ́ọ̀lì ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí àwọn oníwọra ń dà mọ́ ọtí kí ó lè pọ̀ kí ó sì le. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ́yìn tí orí ti fọ́ wọn tí ojú wọn sì ti ṣú. Àwọn kan ní àrùn àjèjì ni, àwọn mìíràn ní òrìṣà ló ń bínú, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lì ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, irú ọtí bẹ́ẹ̀ mú kí ìjọba orílẹ̀-èdè Czech fòfin de títa ọtí líle fún ìgbà díẹ̀.

Kò sí ìdánwò ojú, imú tàbí ahọ́n tó lè ya mẹ́tánọ́ọ̀lì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ́tánọ́ọ̀lì. Ìfófòó tó ń yọ nígbà tí wọ́n bá mi ìgò kò sọ ju bí ọtí ṣe le tó lọ, iná tí wọ́n sì ń ṣá sí i yóò jó, ìbáà jẹ́ èyí tó dára tàbí èyí tí wọ́n ti bà jẹ́. Kíkó ewé àti egbò sínú rẹ̀ láti fi ṣe pàràgà kò pa oró rẹ̀.

Ewu mìíràn wà nínú ohun èlò. Rédíétọ̀ mọ́tò àtijọ́ tí àwọn kan fi ń mú ooru ọtí tutù máa ń ní òjé tí wọ́n fi jó o pọ̀, òjé yìí a sì yọ́ wọnú ọtí. Ooru ọtí tó bá jò sítòsí iná lè gbiná lójijì. Ọ̀rọ̀ òfin náà tún wà níbẹ̀: ní ilẹ̀ Britain, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn se ọtí líle láìgbàṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó máa mú un bó bá ṣe wáìnì tí òun fúnra rẹ̀ yóò mu.

Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ mẹ́tánọ́ọ̀lì di ásíìdì tó ń ba iṣan ojú jẹ́, èyí sì máa ń gba àkókò. Ẹni tó mu ún lè dà bí ẹni tí ọtí lásán ń pa, kí ó sùn, kí ó jí, kí ó tó di pé orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, inú ń run ún, ó ń bì, ó ń mí gúlegúle, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì bí ẹni tó wà nínú kùrukùru. Èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 24. Epo pupa, mílíìkì tàbí omi àgbọn kò lè wò ó. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá, níbi tí dókítà ti lè fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ sọ ọ́ di ásíìdì, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí ẹni tó bá gbé e lọ mú ìyókù ọtí náà dání, kí ó sọ aago tí ó mu ún, kí ó sì mú gbogbo àwọn tó jọ mu nínú ìgò kan náà wá fún àyẹ̀wò, títí kan ẹni tó ń sọ pé kò sí ohun tó ń ṣe òun.