Bí Ọ̀gá Bá Kú, Ọmọ Ogun Á Fẹsẹ̀ Fẹ́ Ẹ! Àṣírí Àwọn Àjèjì Ojú Sánmà Tí Àwọn Ọmọ Ìlá Ń Bá Jà Nínú Géèmù

Bí ẹnìkan bá ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tó wá gbọ́ tí àwọn ọmọkùnrin ń ké tantan nínú yàrá kan pé, "Ọ̀gá wọn ti kú o! Wọ́n ti ń sá! Gbá yá wọn!", kí onítọ̀hún má ṣe sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Adigunjalè kò wọ̀lú, kò sì sí ìjà olóṣèlú kankan níbẹ̀. Géèmù ni wọ́n ń gbá.

Lóòótọ́, géèmù bọ́ọ̀lù ló gba ọkàn ọ̀pọ̀ wọn, láti Ìlá títí dé Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí kọ̀ǹpútà àti iná, ogun ni tiwọn. Ìyá tó rán ọmọ lọ ra iyọ̀, tí ọbẹ̀ ti ń hó lórí iná, tí kò rí ọmọ kó dé, bó bá lọ bá a nídìí ẹ̀rọ yìí, etí ọmọ náà á gbọ́ ohun tó máa gbọ́. Ìbéèrè tí ìyá sì máa ń bi í kì í ju ẹyọ kan lọ: kí ló wà nínú ìranù yìí gan-an?

Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀sọ̀ dáhùn rẹ̀.

TA NI ÀWỌN Ọ̀TÁ YÌÍ?

Nínú gbogbo géèmù tí wọ́n ti ń bá àjèjì ojú sánmà jà, ọ̀kan wà tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé. Halo: Combat Evolved ni. Ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2001 ló jáde ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ Bungie ló ṣe é, Microsoft ló gbé e jáde fún ẹ̀rọ Xbox, kó tó di pé ó dé orí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2003. Ẹni tó bá ń gbá a á di jagunjagun kan tí wọ́n ń pè ní Master Chief. Àwọn àjèjì tó ń bá jà kò jọ ara wọn rárá, ṣùgbọ́n wọ́n para pọ̀ lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Covenant.

Èyí tó kéré jù nínú wọn ni Grunt. Ó kúrú, ó gbé agolo gáàsì kọ́ ẹ̀yìn nítorí pé kò lè mí afẹ́fẹ́ tí ọmọ èèyàn ń mí. Ojo pọ́ńbélé ni! Bí ọ̀gá wọn bá wà nítòsí, gbogbo wọn á máa yìnbọn, wọ́n á máa ṣe bí akọni. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá ṣubú báyìí, kí ẹ wá wò wọ́n! Wọ́n á na ọwọ́ sókè, wọ́n á figbe ta, oníkálukú á wábi gbà. Òmíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé oorun ló ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, bí ọlọ́dẹ tó ti mẹmu yó.

Elite ni ọ̀gá tí à ń wí. Ó ga fíofío, asà kan tí kì í hàn sójú àfi bí ọta bá bà á ló bò ó lára. Kì í dúró sójú kan kó máa gba ọta bí òpó ilé. Bí èèyàn bá ju bọ́ǹbù àfọwọ́jù sí i, á fò yẹ̀ ẹ́. Bí ọta bá ti jẹ asà rẹ̀ tán, á sá lọ sẹ́yìn ògiri títí asà á fi padà bọ̀ sípò. Ìgbà míràn sì wà tí inú á bí i, á gbàgbé ògiri, á ya lu èèyàn bí ajá dìgbòlugi.

Jackal ní tirẹ̀ fi asà sọ́wọ́, á lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ń yìnbọn lù ú níwájú, ọta ló ń fi ṣòfò. Ẹ̀gbẹ́ ni kéèyàn gbà yọ sí i. Hunter tó tóbi jù wọ́n lọ kì í dá rìn, méjì méjì ni wọ́n ń jáde. Bó ti wù kó tóbi tó, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ lásán tó bá bà á níbẹ̀, ó parí.

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí. Ta ló wá fi àlébù náà síbẹ̀?

ÀṢÌṢE NI WỌ́N KỌ́ Ọ̀TÁ

Èèyàn ló fi í síbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni. Jaime Griesemer àti Chris Butcher wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ìwà àwọn ọ̀tá yìí ní Bungie. Ní ọdún 2002, wọ́n tú àṣírí iṣẹ́ náà níbi àpérò àwọn oníṣẹ́ géèmù ní Amẹ́ríkà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kò nílò ọgbọ́n kankan láti pa ẹni tó ń gbá géèmù. Òun ló ni pápá, òun ló ni ògiri, òun náà ló mọ ibi tí èèyàn dúró sí nígbà gbogbo. Bó bá wù ú, gbogbo ọta rẹ̀ ló lè bani. Iṣẹ́ tó le ni pé kí wọ́n sọ ọ̀tá di ẹni tí kò mọ gbogbo nǹkan. Nítorí náà, wọ́n fún un ní ojú àti etí tó níwọ̀n. Bí èèyàn bá sá pamọ́, kò ní mọ̀ ibi tó wà mọ́. Ibi tó ti rí i kẹ́yìn ló máa lọ wò. Ó lè débẹ̀ kó bá òfìfo, kí ẹni tó ń wá sì ti gba ẹ̀yìn yọ sí i.

Wọ́n tún dán nǹkan kan wò. Wọ́n fún àwọn kan ní géèmù tí ọ̀tá inú rẹ̀ kì í pẹ́ kú, wọ́n fún àwọn mìíràn ní èyí tí ọ̀tá inú rẹ̀ lágbára. Ìwà kan náà ni wọ́n fún ọ̀tá méjèèjì. Síbẹ̀, àwọn tó pàdé ọ̀tá alágbára ló ń sọ pé ọ̀tá yìí mà gbọ́n o! Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí kò pẹ́ láyé, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè fi ọgbọ́n rẹ̀ hàn?

Nígbà tí Halo 2 jáde lọ́dún 2004, wọ́n to ìpinnu ọ̀tá bí igi tó ní ẹ̀ka. Damian Isla tó wà nídìí iṣẹ́ náà ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 2005, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ géèmù ló sì ti ń lo irú ètò bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Ọ̀tá á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tó ká a lára jù: ṣé bọ́ǹbù wà nítòsí mi? Bó bá wà, á sá. Bí kò bá sí, á bọ́ sórí ẹ̀ka kejì: ṣé ọ̀gá mi ti kú? Bẹ́ẹ̀ ni á máa bá a lọ títí yóò fi kan ohun tó kàn án láti ṣe.

Ọmọ Ìgbómìnà kò gbọdọ̀ ní òun kò mọ ohun tí èyí jọ. Lásìkò ọdún egúngún, egúngún á mú àtòrì, á lé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ káàkiri àdúgbò. Ṣé kò lè mú wọn ni? Ó lè mú wọn. Ṣùgbọ́n bó bá mú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, eré ti bàjẹ́ nìyẹn. Á sáré díẹ̀, á dúró, á ṣe bí ẹni pé òun ti gbàgbé wọn. Àwọn ọmọ náà á tún padà wá, wọ́n á tún máa kọrin fún un. Bí ọ̀tá inú géèmù ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Wọn kò ṣe é kó borí. Wọ́n ṣe é kó lé èèyàn dáadáa, kó sì ṣubú lọ́nà tí inú ẹni tó ń gbá a á fi dùn.

Ìgbà kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé àìlágbára ẹ̀rọ ló dà bí ọgbọ́n. Ní ọdún 1978, Tomohiro Nishikado ti ilé iṣẹ́ Taito ní Japan ṣe Space Invaders. Àjèjì 55 ló tò sójú gíláàsì. Bí wọ́n bá ṣe ń kú ni àwọn tó ṣẹ́kù ń yára sí i. Ó dà bí ẹni pé inú ló ń bí wọn. Irọ́ o! Ẹ̀rọ ìgbà náà kò lágbára tó, ẹrù tó ń gbé ló ń dín kù, ló fi ń yára. Nishikado rí i pé ó dùn bẹ́ẹ̀, ló bá fi í sílẹ̀.

Ọ̀TÁ TÍ KÒ LẸ́RÙ

Nígbà tí Halo bá dé àárín, ọ̀tá mìíràn á yọjú. Flood ni wọ́n ń pè é. Èyí kò ní ọ̀gá tí wọ́n lè pa kí ó sá. Kì í fara pamọ́, kì í bẹ̀rù, gìrọ́gìrọ́ ló ń ya bo èèyàn. Òkú ló ń wọ̀ lára, èyí tí wọ́n sì rò pé àwọn ti pa tún lè dìde. Ọmọ tó ti ń fi Grunt ṣe yẹ̀yẹ́ látàárọ̀, ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ á ti wọhò. Ìgbà yẹn ló máa tó mọ̀ pé ẹ̀rù tó wà lára Grunt ló jẹ́ kó jọ èèyàn.

JÁLUMI KÌ Í ṢE GÉÈMÙ

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá kú, ọmọ ogun sá, kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ yìí. Ní 1878, ìyẹn ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé kí Space Invaders tó jáde, ni ogun Jálumi wáyé ní Ìkìrun. Ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ni. Ọmọ ogun Ìlá wà níbẹ̀ pẹ̀lú Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlọrin. Ìbàdàn ló kọjú ìjà sí wọn, Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ló sì kó ogun náà wá. Ìbàdàn ló borí. Nígbà tí ogun tú, àwọn tó ń sá kò mọ ọ̀nà mọ́, odò Ọ̀tìn tó kún dẹ́nu ni ọ̀pọ̀ wọn kó sí. Ibẹ̀ ni orúkọ Jálumi ti wá: wọ́n já lu omi.

Àwọn tó ṣẹ́kù kò parẹ́. Èkìtì Parapọ̀ tún kó ara wọn jọ, Ògèdèǹgbé Iléṣà di ọ̀gá ogun, ọkàn àwọn èèyàn sì padà bọ̀ sípò. Ogun Kírìjì jà títí tí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà lọ́dún 1886, ọdún 1893 ni àgọ́ ogun sì tó tú. Ṣùgbọ́n ẹni tí odò Ọ̀tìn gbé lọ kò padà. Kò sí bọ́tìnnì tí ìyá rẹ̀ lè tẹ̀ kí gbogbo ẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó yẹ kí ọmọ mọ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń sá nínú géèmù, èèyàn ló jókòó kọ ọ́ pé kó sá. Ẹni tó ń sá lójú ogun, ẹ̀mí rẹ̀ ló ń gbé sá.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá bá ọmọ nídìí géèmù yìí, ẹ má tíì fa etí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: kí ló dé tí àwọn kékeré yẹn fi ń sá? Ta ló kọ́ wọn? Bí ọmọ bá ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké, ẹ mọ̀ pé orí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìṣirò àti ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni àwọn tó ṣe géèmù náà fi ṣe é, ó sì ń bọ́ wọn. Ẹ kúkú fi ọmọ náà sídìí ìwé rẹ̀, bóyá òun náà á kọ tirẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí egúngún Ìlá á máa lé èèyàn nínú rẹ̀.

Àmọ́ bí kò bá rí nǹkan kan sọ ju "wọ́n kàn ń sá ni" lọ, kó dìde ńlẹ̀ kíá, kó lọ ra iyọ̀ ìyá rẹ̀ wá. Ọbẹ̀ ti ń jóná.