Kì Í Ṣe Ìgbéraga, Àpò Òfìfo Ni

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ nínú ojú-ìwé ẹbí lónìí kan ọ̀pọ̀ agbo-ilé ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ọmọ tí ó ti lé ní ogún ọdún, tí ara rẹ̀ le, tí a mọ̀ sí ọlọ́yàyà tẹ́lẹ̀, ṣàdédé ó bẹ̀rẹ̀ sí dá wà. Ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó wọ yàrá lọ, ó mú fóònù dání. Wọ́n ń ṣe ìkómọ ní agbo-ilé kejì, kò lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìpàdé, kò yọjú. Bí a bá bi í, yóò ní, "Ó rẹ̀ mí ni."

Àwa àgbà a máa tètè dájọ́. Ọ̀kan yóò ní ìgbéraga ni. Èkejì yóò ní fóònù ni ó bà á jẹ́. Ẹ̀kẹta yóò ní kí a lọ wádìí bóyá ayé ni ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a bá rí ẹni tí ó ń sáré, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í ohun tí ó ń lé e. Ohun tí ó ń lé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa kúrò láàárín ènìyàn ni owó: owó tí wọn kò ní, àti owó tí a ń béèrè lọ́wọ́ wọn kí a tó kà wọ́n mọ́ ẹgbẹ́.

Bí ó ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ rántí ọdún 2020. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni àrùn kòrónà wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìjọba wa kò ti gbogbo ènìyàn mọ́lé bí àwọn ilẹ̀ olówó ti ṣe. Ààrẹ Patrice Talon sọ ìdí rẹ̀ gbangba nígbà náà: ọ̀pọ̀ ará ìlú kì í gba owó oṣù, ohun tí wọ́n bá rí lóòjọ́ ni wọ́n ń jẹ. Dípò bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, wọ́n fi ààlà yí Kútọnu, Àjàṣẹ́, Abomey-Calavi, Ouidah, Allada àti àwọn ìlú kan tí ó yí wọn ká. Ẹni tí ó wà nínú kò gbọdọ̀ jáde, ẹni tí ó wà lóde kò gbọdọ̀ wọlé, àfi ẹni tí ó bá gba àṣẹ.

Ṣábẹ̀ẹ́ kò sí nínú ààlà yìí, ṣùgbọ́n ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé-ìwé ti ilẹ̀kùn. Ilé Ọlọ́run náà tì títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹfà. Ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ni Àjíǹde ọdún náà bọ́ sí, ọmọ wa tí ó wà ní Kútọnu kò sì lè wálé wá ṣe é. Ní Nàìjíríà, wọ́n ní kí onílé gbélé ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ tí ó ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dáwọ́ dúró. Ìgbéyàwó àti ìsìnkú di ti ènìyàn díẹ̀.

Nígbà tí ọ̀nà là tán, àwa àgbà padà sí ìjókòó wa, nítorí a ti ní ipò tiwa tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jẹ́ ọdún 16 tàbí 17 ní ọdún náà, àsìkò tí ó yẹ kí ó wọ ẹgbẹ́ ni ìlẹ̀kùn tì mọ́ ọn. Nígbà tí yóò fi jáde wá wọ ẹgbẹ́, ó bá a pé ohun gbogbo ti wọ́n.

Bí ọjà ti ṣe wọ́n

Ṣáájú àrùn náà ni wàhálà ti dé láti ọ̀nà ìlà-oòrùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnu-ibodè rẹ̀ mọ́ ọjà, oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. Àwa tí àwọn ará wa ń gbé ní òdìkejì odò Ọ̀kpárà mọ ohun tí èyí ṣe fún oníṣòwò.

Ní oṣù kejì ọdún 2022, Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine, àlìkámà, òróró àti ajílẹ̀ sì wọ́n káàkiri ayé. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti parí ní Nàìjíríà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo tí kò tó náírà 200 lítà kan di nǹkan bí 500. Ibẹ̀ ni kpayo tí a ń rà nínú ìgò ti ń wá, nítorí náà iye rẹ̀ lọ sókè ní nǹkan bí ìlọ́po méjì lọ́dọ̀ wa. Owó zémidjan gòkè, owó ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo gòkè, owó tí a fi ń kó iṣu láti oko wálé gòkè.

Kò tíì pé oṣù méjì tí àwọn ọmọ ogun gba ìjọba ní Níjẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù keje. Àjọ CEDEAO pàṣẹ pé kí a ti ibodè, ọkọ̀ akẹ́rù sì tò lọ rẹrẹẹrẹ ní Malanville. Títì tí ó ti Kútọnu lọ sí Malanville gba ìlú wa kọjá. Ẹni tí ó ń ta oúnjẹ fún awakọ̀, ẹni tí ó ń lẹ táyà, ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni owó oṣù tí ó kéré jù lábẹ́ òfin ti kúrò ní 40,000 sẹ́fà, tí ó di 52,000. Ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ẹni tí ó ń gun zémidjan, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lóko ẹlòmíràn, òfin yìí kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kí a kàn sọ pé ọ̀dọ́ kan rí 52,000 náà gbà. Bí yàrá bá jẹ́ 10,000, tí oúnjẹ jẹ́ 1,000 lójúmọ́, ó ku 12,000. Bí epo, ọṣẹ àti owó fóònù bá kó 7,000, ó ku 5,000. Nínú 5,000 yìí ni yóò ti fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, tí yóò sì tọ́jú ara rẹ̀ bí ibà bá mú un.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Aṣọ ẹgbẹ́ jẹ́ 6,000, owó aránṣọ jẹ́ 2,000, kò sì yẹ kí ènìyàn lọ síbi ìyàwó lọ́wọ́ òfìfo. Bí ó bá lọ láìwọ aṣọ náà, wọn yóò wò ó. Bí ó bá yá owó, gbèsè ni. Nítorí náà ó jókòó sílé, ó ní ó rẹ òun. Nígbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní pè é mọ́, wọn yóò ní kì í wá. Báyìí ni àpò òfìfo ṣe ń di ilé òfìfo.

Ṣé àrùn òyìnbó ni?

Ẹlòmíràn lè ní, "Ìdánìkanwà? Àrùn àwọn òyìnbó nìyẹn." Òótọ́ ni pé ó wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ wo Írẹ́lándì, ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àlùfáà tí ó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ti wá. Kónílé-ó-gbélé wọn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2020, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 ni wọ́n tó mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú òfin náà kúrò. Ní ọdún 2022 kan náà, ohun gbogbo fi nǹkan bí 8 lé ní orí 100. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn lọ́dún yẹn, àwọn àgbàlagbà tí ó lé ní 520,000 ni ó ṣì ń gbé lọ́dọ̀ òbí wọn, ní ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún. Owó ilé ni ó dá púpọ̀ nínú wọn dúró. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìtìjú ni. Lọ́dọ̀ tiwa, kí ọmọ gbé lọ́dọ̀ òbí kì í ṣe ẹ̀gàn.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí tàn wá jẹ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ẹnì kan nínú mẹ́fà lágbàáyé ni ìdánìkanwà ń dà láàmú, àti pé àwọn ọ̀dọ́ wà lára àwọn tí ó ń mú jù. Ní àwọn ilẹ̀ olówó, nǹkan bí 11 nínú 100 ni. Ní àwọn ilẹ̀ tí kò lówó, nǹkan bí 24 ni. Ó ju ìlọ́po méjì lọ! Ènìyàn lè wà láàárín ogún ènìyàn nínú agbo-ilé kan kí ó má sì rí ẹnì kan bá sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Fóònù kò tó. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú fóònù, aṣọ tuntun àti ọkọ̀ tuntun ẹlòmíràn ni ọmọ náà ń wò ní òru, tí ó sì fi ń díwọ̀n ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn a wá sódábì mu, ẹlòmíràn a di ẹrù rẹ̀, a sá gba Èkó tàbí Kútọnu lọ láìdágbére.

Ohun tí àwọn baba wa mọ̀

Àwọn baba wa kò lówó, ṣùgbọ́n wọn kò dá wà. Àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe àáró: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, ó bẹ ọ̀wẹ̀, ó se oúnjẹ, wọ́n bá a ṣe é tán. Agbára apá ni wọ́n ń dá jọ, kì í ṣe owó. Kò sí ẹni tí ó tòṣì tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní apá méjì. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Wọ́n mọ èyí.

Àwa ni a wá fi owó ṣe ẹnu-ọ̀nà ẹgbẹ́. Àwa náà ni a lè tún un ṣe.

Kí ni kí a ṣe?

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ọmọ yín wé ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ti kọ́lé. Ọmọ tí ó ń tijú kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá pè é jókòó bí ẹni tí ó wà ní kóòtù. Ẹ mú un dání lọ sí oko, ẹ jọ bẹ́ iṣu. Ẹnu rẹ̀ yóò là nígbà tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ sì jẹ́ kí agbo-ilé jọ jẹun pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹ́kun kíka orúkọ ajẹgbèsè sókè nínú ìpàdé. Ẹni tí a kà orúkọ rẹ̀ lónìí kò ní wá lọ́la. Kí akápò pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dípò aṣọ ẹgbẹ́ tuntun, ẹ mú àwọ̀ kan tí olúkúlùkù ti ní nílé. Ẹni tí kò bá rí owó san, kí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ san án. Ẹ tún máa bẹ ilé ẹni tí a kò rí lẹ́ẹ̀mejì wò, kì í ṣe láti gba owó ìtanràn, bí kò ṣe láti kí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wá ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ lè sọ òtítọ́ fún pé, "Kò sí owó lọ́wọ́ mi lóṣù yìí." Ó yà yín lẹ́nu bí òun náà yóò ṣe mí kanlẹ̀, tí yóò ní bákan náà ni. Bí ìkómọ bá wà, ẹ tètè dé, ẹ bá wọn pọn omi, ẹ bá wọn to àga. Ẹni tí ó bá ṣe èyí kò wá lọ́wọ́ òfìfo.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá jẹun mọ́, tí kò sùn, tí ó sì ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má ṣe bá a jà, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ mú un lọ sí ilé-ìwòsàn kíákíá, ẹ sì bá a jókòó níbẹ̀.

A kò lè sọ iye tí epo yóò jẹ́ lọ́la, a kò sì lè ṣí ibodè. Ṣùgbọ́n iye tí ó ń náni láti jókòó láàárín ara wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọwọ́ wa ni ó wà. Ẹ jẹ́ kí a dín in kù. Ènìyàn ni aṣọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí aṣọ ẹgbẹ́ gba aṣọ yìí lára ọmọ wa.