Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Pààrọ̀ Rọ́bà Páńpù Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tẹ́ ẹ̀ ń kó ẹrù gba orí ọ̀sà lọ sọ́jà Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ rọ́bà kékeré kan la mú wá lóṣù yìí. Inú páńpù ló wà, ní ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó wọnú omi. Òun ló ń fa omi sókè tí ẹ́ńjìnnì fi ń tutù. Tó bá bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì lè gan sáàárín ọ̀sà pẹ̀lú èrò àti ẹja tútù.

Ọdọọdún ló dáa ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ibi tómi ò jìn kò gbọdọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀, torí iyanrìn ń jẹ rọ́bà.

Ẹ máa wo omi tó ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Tí kò bá lágbára mọ́, ẹ kọ́kọ́ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ro ihò rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí lásán. Bí kò bá yí padà, ẹ tú páńpù. Rọ́bà tó ti sán, tàbí tí apá rẹ̀ tẹ̀ tí kò nà mọ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Bí apá kan bá já, ẹ wá èyí tó já náà rí, kó má lọ dí ọ̀nà omi lókè. Ẹni tó bá sì ti tan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ láìsí omi, kó tú u wò kíá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti bà á jẹ́.

Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà o, ìwọ̀n wọn ò dọ́gba.